Agbára kékeré, ọ̀nà jíjìn: ṣé signal Wi-Fi lè dé ibi táwọn èèyàn ń sọ yẹn lóòótọ́?

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n ti bi mí lọ́pọ̀ ìgbà láìpẹ́ yìí, báyìí sì ni wọ́n ṣe máa ń bi í: "Wi-Fi ilé mi ò dé yàrá ẹ̀yìn, wọ́n wá ní fóònù ọwọ́ mi yìí lè fi text ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì tó wà lókè lọ́hùn-ún, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń purọ́ fún wa?" Irọ́ kọ́ o. Òótọ́ ni méjèèjì, bí méjèèjì sì ṣe lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni mo fẹ́ tú palẹ̀ lónìí, torí pé ọ̀rọ̀ yìí ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Àwọn kan á ra ẹ̀rọ tí wọ́n kọ "kìlómítà 10" gàdàgbà sára páálí ẹ̀, tí wọ́n bá délé, ẹnu géètì ló máa bá wọn dé. Àwọn mìíì sì wà tó jẹ́ pé wọ́n lè fi owó táṣẹ́rẹ́ so ilé méjì tó jìnnà síra wọn pọ̀, wọn ò tiẹ̀ dán an wò, torí wọ́n ti gbà lọ́kàn ara wọn pé signal kékeré ò lè rìn jìnnà.

Ó lè rìn jìnnà. Ó lè rìn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Àmọ́ ọ̀nà jíjìn yẹn ní ohun tó máa ń gbà lọ́wọ́ èèyàn, tí kò bá gba agbára á gba eré, tí kò bá gba eré á gba ántẹ́nà ńlá àti ojú ọ̀nà tí nǹkan kan ò dí, ẹni tó bá ní òun lè fún yín ní gbogbo ẹ̀ pọ̀ láìgba nǹkan kan, ẹ rọra bi í léèrè dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo agbára yẹn fúnra ẹ̀. Router ilé tó ń lo 2.4 GHz, ìyẹn ọ̀kan lára ìgbì rédíò tí Wi-Fi ń lò, òfin Yúróòpù ò gbà kó ju mílíwáàtì 100 lọ, ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá pín wáàtì kan ṣoṣo sí mẹ́wàá, ẹyọ kan níbẹ̀ ni. Fóònù tó ń bá máàsìtì 4G sọ̀rọ̀, tó bá pariwo dé góńgó, mílíwáàtì 200 ló ń gbé jáde. Gílóòbù LED inú yàrá ń jẹ wáàtì 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti rí i pé ohun tó kéré gan-an là ń sọ. Ìgbì rédíò yìí á wá máa tàn ká bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn ká, tẹ́ ẹ bá jìnnà sí i ní ìlọ́po méjì, ohun tó máa kàn yín lára á di ìdá kan nínú mẹ́rin, tẹ́ ẹ bá jìnnà ní ìlọ́po mẹ́wàá á di ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Téèyàn bá gbọ́ ọ báyìí, á rò pé ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, kò síbi tó ti di òfo. Afẹ́fẹ́ lásán ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ ìgbì 2.4 GHz, ńṣe ló kàn ń fẹ́lẹ́ sí i, ó ń fẹ́lẹ́ sí i, ibi tí etí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ bá mọ ló máa parí sí. Etí ọ̀hún sì mú. Wi-Fi tó bá ń rọra lọ lè gbọ́ signal tí agbára ẹ̀ ò ju ìdá kan nínú tíríọ̀nù wáàtì kan, bẹ́ẹ̀ ni, tíríọ̀nù, mi ò ṣi í kọ.

Kí ló wá ń pa Wi-Fi ilé? Ògiri ni. Ògiri kọ̀ǹkéré kan lè gbé ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá agbára yẹn mì, ìgbà mìíì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó bá wá di ògiri mẹ́ta, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ló kù yẹn, láìtíì ka fíríìjì, jígí, tánkì omi àti ara èèyàn tó jẹ́ pé omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Àárín fóònù tó wà níta gbangba àti sátẹ́láìtì, kò sí ògiri kankan níbẹ̀. Ìyẹn ni ìdáhùn àkọ́kọ́ fún ìbéèrè yẹn: yàrá ẹ̀yìn ò jìnnà, àmọ́ ọ̀nà ibẹ̀ dí, sátẹ́láìtì jìnnà, ọ̀nà ibẹ̀ sì là gbalaja.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí tó ṣeé fojú rí, kó wo Venezuela. Ermanno Pietrosemoli àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní EsLaRed, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Látìn Amẹ́ríkà, ló ṣe é. Ní April 2006, wọ́n gbé router Linksys WRT54G, kiní aláwọ̀ búlúù àti dúdú tó máa ń ní etí méjì tó wà nílé àwọn èèyàn káàkiri ayé nígbà yẹn, lọ sórí òkè Pico El Águila tó ga ju mítà 4,000 lọ, wọ́n sì bá ibòmíì sọ̀rọ̀ níbi tó fi kìlómítà 279 jìnnà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n tún sún un sí kìlómítà 382, láti Águila dé Platillón. Wọn ò so ẹ̀rọ tó ń fi kún agbára mọ́ ọn rárá. Díìṣì sátẹ́láìtì àlòkù ni wọ́n lò, díìṣì yẹn sì lohun tó ṣe iṣẹ́ náà, torí dípò kí ìgbì yẹn máa tàn ká síbi gbogbo, díìṣì á kó o jọ, á tọ́ ọ sójú kan, èyí tó wà lápá kejì náà á sì máa kó ohun tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ jọ. Díìṣì tó tóbi báyẹn lè mú kí signal lágbára sí i ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan níbi tó kọjú sí, tó bá sì jẹ́ méjì, ẹ fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Kò sẹ́ni tó fi iná kún un o.

Apá kan wà nínú ìtàn Venezuela yìí tí mo fẹ́ràn ju kìlómítà yẹn gan-an lọ, àwọn èèyàn kì í sì í sábà sọ ọ́. Inú ilé ni wọ́n ṣe Wi-Fi fún. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ kan bá ju ọ̀rọ̀ kan sókè, á dúró kí ẹnì kejì dáhùn pé "mo ti gbọ́", kò sì ní sùúrù rárá, àsìkò tó fi ń dúró ò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì rédíò ń sáré bí ìmọ́lẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kìlómítà 382 á gbà á ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ ní àlọ nìkan, ká má tíì sọ àbọ̀. Nítorí náà router á ti sú, á rò pé ọ̀rọ̀ òun ti sọnù, á tún un sọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé ẹnì kejì ti gbọ́ ọ, ìdáhùn ẹ̀ ló ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Signal dé, síbẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ò lọ. Ẹgbẹ́ TIER ní yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà ló bá wọn tún sọ́fítíwíà ẹ̀ kọ, wọ́n yọ dídúró yẹn kúrò, wọ́n pín àsìkò fún àwọn méjèèjì kí oníkálukú máa sọ̀rọ̀ ní tiẹ̀, bó ṣe di mẹ́gábíìtì 3 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn ní àlọ, àti 3 ní àbọ̀, ní kìlómítà 382. Ẹ rò ó wò, Wi-Fi tí wọ́n ṣe fún inú ilé nìyẹn o!

Èmi náà ti di díìṣì mú rí lórí òrùlé, tiwa ò ju kìlómítà 11 lọ, àmọ́ ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rẹ́ mi wà lápá kejì, a jọ wà lórí fóònù, laptop wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń fi nọ́ńbà agbára signal tó ń wọlé hàn, bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe sún mọ́ òdo tó ni signal ṣe lágbára tó. Mò ń yí díìṣì yẹn díẹ̀díẹ̀, ìbú ìka kan, mo dúró, mo wo nọ́ńbà, ìbú ìka kan, mo dúró. Ó kúrò ní asán, ó bọ́ sí -90, ó dé -84, mo pariwo pé ó ti wọlé, mo ti mú sípánà láti dè é. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má tíì dè é, kí n ṣì máa yí i lọ. Mo yí i, ó sọnù pátápátá, inú bí mi díẹ̀, ó ní kí n máa lọ, mo bá ń lọ, ló bá tún yọ, -80, -72, -66. Àṣé etí ẹ̀gbẹ́ díìṣì ni mo kọ́kọ́ rí, torí díìṣì kì í ju gbogbo ìgbì ẹ̀ síwájú nìkan, ó máa ń jò díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹni tí kò bá mọ̀ á so ó síbẹ̀, á sì máa sọ fún gbogbo ayé pé Wi-Fi ọ̀nà jíjìn ò ṣiṣẹ́. Láti -84 sí -66, ìlọ́po ọgọ́ta ó lé ni agbára tó dé fi jura, ohun tó sì fà á kò ju bí mo ṣe yí irin kan lọ.

Ilẹ̀ fúnra ẹ̀ tún ń di ọ̀nà. Ilẹ̀ ayé rí róbótó, ẹni tó bá dúró ní gbangba tí ojú ẹ̀ wà ní ìwọ̀n mítà méjì sókè, kìlómítà 5 péré ni ilẹ̀ máa tẹ̀ wọlẹ̀ fún un. Tí ántẹ́nà méjèèjì bá wà lórí òpó mítà 30, ìgbì máa rìn tó kìlómítà 45 kí ilẹ̀ tó dí i. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìròyìn ọ̀nà jíjìn tẹ́ ẹ bá gbọ́ fi máa ń ní òkè, òpó gíga tàbí nǹkan tó ń fò nínú. Kó tún wá má tàn yín, pé ẹ rí apá kejì yẹn pẹ̀lú ojú ò túmọ̀ sí pé ọ̀nà ti là, ìgbì rédíò kì í rìn bí okùn tín-ín-rín, ó máa ń wú láàárín bí ẹyin, ní kìlómítà 10 lórí 2.4 GHz ó máa ń fẹ̀ tó mítà 17 láti àárín sí ẹ̀gbẹ́, òrùlé tàbí orí igi tó bá yọ sínú ìwú yẹn á bà á jẹ́ bó tiẹ̀ jẹ́ pé ojú ríran kọjá lórí ẹ̀. Igi tún burú tí òjò bá pa á, ewé tútù ń mu ìgbì 2.4 GHz dáadáa.

Ọ̀nà kejì téèyàn lè gbà dé ibi tó jìnnà ni kó dín eré kù, ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ agbára kékeré ti dùn jù. Tí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti òkèèrè tí ẹ ò gbọ́, kì í ṣe kó pariwo nìkan ló lè ṣe, ó lè rọra pè é, kó fa ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gùn, kó tún un sọ, ẹ máa gbọ́ ọ nígbà tó bá yá. Ohun tí LoRa ń ṣe nìyẹn, ìyẹn irú rédíò kan tí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké fi ń ránṣẹ́ kúkurú. Cycleo, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Grenoble ní Faransé, ló ṣe é, Semtech rà á ní 2012. Dípò kó sọ bíìtì kan, ìyẹn ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tó kéré jù lọ, wéré, á fà á bí ìgbà téèyàn ń súfèé tí ohùn ẹ̀ ń gòkè láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ mọ ìrísí súfèé yẹn, á sì yọ ọ́ jáde nínú ariwo tó tiẹ̀ lágbára ju signal náà lọ. Ní 2017 bàlúùnù kan tó gòkè ju kìlómítà 38 lọ fi mílíwáàtì 25 ránṣẹ́, wọ́n gbọ́ ọ ní ilẹ̀ níbi tó fi kìlómítà 702 jìnnà, ní 2019 wọ́n tún fi agbára kan náà dé kìlómítà 766. Mílíwáàtì 25, ìdá kan nínú mẹ́rin tàwọn router yẹn!

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó ná wọn. LoRa tó bá rọra jù lọ máa ń gbé bíi bíìtì 300 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fọ́tò fóònù kan tó jẹ́ mẹ́gábáìtì 2, á gbà á tó wákàtí 15 kó tó kọjá. Ní Yúróòpù sì rèé, lórí ọ̀pọ̀ ibi tó ń lò ní 868 MHz, òfin ní kí ẹ̀rọ kan má sọ̀rọ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àsìkò lọ, ìṣẹ́jú àáyá 36 láàárín wákàtí kan. Wákàtí 15 yẹn á wá di oṣù méjì. Oṣù méjì fún fọ́tò kan ṣoṣo. Íntánẹ́ẹ̀tì téèyàn fi ń wo fídíò kọ́ nìyẹn o, iṣẹ́ tiẹ̀ yàtọ̀: mítà omi tó fẹ́ sọ nọ́ńbà ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ẹ̀rọ tó ń sọ bí omi odò ṣe ga tó, ẹ̀wọ̀n ọrùn màlúù tó ń sọ ibi tí màlúù wà. Bátìrì kékeré kan á sì gbé e fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Joe Taylor, onímọ̀ sánmà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1993, tún ti í kọjá ibẹ̀ ní 2008 pẹ̀lú WSPR, ọ̀nà kan láti fi agbára kékeré rán ọ̀rọ̀ kúkurú lórí rédíò. Bíìtì 50 péré ni mẹ́sééjì kan, ìṣẹ́jú méjì ló fi ń sọ ọ́, mílíwáàtì 200 sì ti sọdá òkun ńlá pẹ̀lú ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ níbi yìí, torí ibẹ̀ ni àwọn kan ti máa ń da ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ra: WSPR sábà máa ń rìn lórí ìgbì tó gùn ju ti Wi-Fi lọ, tí sánmà òkè ń dá padà sílẹ̀, bí bọ́ọ̀lù tó kan àjà. Ìgbì Wi-Fi kì í padà, ńṣe ló máa ń gba inú ẹ̀ kọjá lọ. Voyager 1 náà nìyẹn, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà rán lọ sí òfuurufú ní 1977 tí kò sí èèyàn nínú ẹ̀, agbára rédíò ẹ̀ jẹ́ wáàtì 23, ó ti fi ju kìlómítà bílíọ̀nù 24 lọ jìnnà sí wa, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń gbà ju wákàtí 22 lọ kó tó délé, síbẹ̀ a ṣì ń gbọ́ ọ. Bíìtì 160 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, díìṣì tó fẹ̀ tó mítà 70 la sì fi ń gbọ́.

Claude Shannon, onímọ̀ ìṣírò, ti fi ìṣírò ẹ̀ lélẹ̀ ní ibi ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà láti 1948: bíìtì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbé ìwọ̀n agbára kan dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbọ́, ó kéré tán, kó tó lè yàtọ̀ sí ariwo. Ẹ lè fi agbára díẹ̀ rán bíìtì díẹ̀, ẹ lè fi ántẹ́nà ńlá gba agbára púpọ̀ sí i mú, kò sí ọgbọ́n sọ́fítíwíà kankan tó lè fo ìwọ̀n yẹn. Ìdí nìyẹn tí ara àwọn ẹnjiníà ò fi balẹ̀ ní 2005 nígbà tí ilé iṣẹ́ xG Technology ní Florida gbé ẹ̀rọ rédíò tí wọ́n pè ní xMax jáde, tí wọ́n ní agbára tó kéré gan-an á máa gbé íntánẹ́ẹ̀tì lọ síbi tó jìnnà, ìbéèrè tí wọ́n ń bi wọ́n náà ni mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn máa bi: ántẹ́nà yẹn ga tó báwo, bíìtì mélòó ló ń kọjá, ariwo mélòó ló wà níbẹ̀? Láìdáhùn ìyẹn, iye kìlómítà nìkan ò sọ nǹkan kan fún wa.

Ohun kan náà ló kan àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà pé ó ń fi kún agbára Wi-Fi. Kí n sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi, owó yẹn ń dùn mí tí mo bá rí i lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ẹ lè jẹ́ kí router pariwo dé òpópónà kejì, fóònù yín á fi àmì Wi-Fi tó kún hàn, àmọ́ fóònù náà gbọ́dọ̀ dáhùn, ohùn tiẹ̀ ò sì pọ̀ sí i. Router ò gbọ́ ọ. Àmì kún, ojú ewé kankan ò ṣí. Ántẹ́nà tó dáa sàn jù, torí ohun tí ántẹ́nà bá ṣe fún ẹnu ló ń ṣe fún etí, ó ń ran àlọ àti àbọ̀ lọ́wọ́. Àti pé òfin tó ní ká má pariwo, kì í ṣe láti fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, ìgbì kan náà ni gbogbo ilé jọ ń lò lórí 2.4 GHz, tí ẹnì kan bá pariwo, àwọn tó kù ò ní gbọ́ra wọn.

Fóònù àti sátẹ́láìtì ló wá kù. Mílíwáàtì 200 ti fóònù yẹn ò yí padà, sátẹ́láìtì ló ní etí ńlá. Ántẹ́nà sátẹ́láìtì BlueWalker 3 tí ilé iṣẹ́ AST SpaceMobile gbé lọ sókè ní September 2022 fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 8 níbùú àti mítà 8 lóròó, wọ́n sì fi fóònù lásán pè láti ara ẹ̀ ní April 2023. Ti Starlink, àkọ́kọ́ nínú àwọn tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ gòkè ní January 2024, nǹkan bíi kìlómítà 360 ni wọ́n wà sókè, wọ́n sì ní láti jẹ́ kí fóònù máa rò pé máàsìtì lásán lòun ń bá sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ sátẹ́láìtì yẹn ń sáré ju kìlómítà 27,000 lọ láàárín wákàtí kan. Text ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ẹ sì ti mọ ìdí ẹ̀ báyìí, bíìtì díẹ̀ ni text. Ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀ sì máa ń bo ilẹ̀ tó pọ̀ gan-an, gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀ ló máa pín ìwọ̀nba tó wà. iPhone 14 tó ń bá sátẹ́láìtì Globalstar sọ̀rọ̀ láti November 2022, kìlómítà 1,400 ó lé ni tiẹ̀ wà sókè, ó máa ń ní kó o kọjú ẹ̀ síbi tí sátẹ́láìtì wà, ìṣẹ́jú àáyá 15 ló ń gbà ní gbangba, tó bá jẹ́ abẹ́ igi ó lè ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ewé ló fà á.

Yàrá ẹ̀yìn yẹn ńkọ́? Ẹ gbé router kúrò ní kọ̀rọ̀ ilé, kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé e ga, sí ibi tí ògiri tó máa kọjá á ti dín ní ọ̀kan. Tí kò bá ṣì dé, ẹ fa wáyà kan lọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì so router kékeré míì mọ́ ìdí ẹ̀.